Àpérò Inú Èéfín

Bí o bá gba ọ̀nà Àyèká kọjá nígbà tí pupuru wà lórí iná, òórùn rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ pàdé rẹ: ẹ̀gẹ́ tó ti kan nínú omi, èéfín igi tí kò gbẹ dáadáa, àti ohun kan tó dà bí àkàrà tó fẹ́ jó. Fún àwa tí wọ́n bí síbẹ̀, òórùn oúnjẹ ni. Mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé èéfín ni mò ń fà símú títí mo fi lọ sí yunifásítì, tí mo padà wálé fún ìsinmi, tí ojú mi wá ń ṣomi bí ojú àlejò.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ti wá síbẹ̀ ní ọdún díẹ̀ ṣáájú àpérò tí mo fẹ́ sọ yìí. Ìwádìí lórí èéfín inú ahéré tí àwọn obìnrin ti ń yan pupuru ló wá ṣe. Wọ́n dá a lóhùn, wọ́n jẹ́ kí ó yẹ ojú wọn wò, wọ́n di pupuru fún un gbé lọ sílé. Kò padà wá. Ohun tó rí jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ kan tí wọ́n tì pa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tó jẹ́ pé bí o ò bá sanwó, o ò ní kà á. Èmi tí mo kàwé kò rí i kà, áḿbọ̀sì àwọn tó ni ojú tó ń ṣomi. Àbúrò ìyá mi, tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin náà, wá sọ ọ́ gbangba pé bí èsì yẹn kò bá dé ọ̀dọ̀ àwọn, ará yunifásítì kankan kò ní tẹsẹ̀ bọ ahéré àwọn mọ́. Mo mọ̀ ọ́n. Kì í sọ̀rọ̀ kó tún un sọ.

Àsìkò yẹn ni mo gbọ́ nípa àpérò ńlá kan tí wọ́n fẹ́ ṣe ní ìlú ńlá, lórí bí ìwádìí yóò ṣe di ohun tí gbogbo ènìyàn lè kà lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ní kí àwọn tó bá fẹ́ ṣètò àpérò kékeré ní ìlú tiwọn, kí wọ́n so ó mọ́ àpérò ńlá náà láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo kọ̀wé sí wọn, wọ́n gbà. Mo wá ọ̀jọ̀gbọ́n náà kàn, òun náà ní òun á wá sọ ohun tó rí. Inú mi dùn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀ mí.

Jẹ́ kí n tò ó bó ṣe rí, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mò ń pariwo lásán. Wọ́n kọ́kọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí a sọ. Mo bá wọn fà á títí wọ́n fi gbà. Wọ́n tún fi bánà ránṣẹ́ sí wa, wọ́n sì ya aginjù àti ràkúnmí sí i, fún àwa tí òjò kì í jẹ́ kí aṣọ wa gbẹ. Èyí tó burú jù ni pé wọ́n sún ọjọ́ láìbi mí. Mo ti mú ọjọ́ tí àwọn obìnrin náà kì í dáná. Ọjọ́ tí wọ́n sún un sí gan-an ni ọjọ́ tí wọ́n máa yan pupuru, ẹ̀gẹ́ sì ti wà nínú omi. Bí wọ́n bá ti fún omi rẹ̀ dànù, tí wọ́n mọ ọ́n róbótó, tí wọ́n sì tò ó sórí àjà igi tó wà lókè iná, ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa yí i ni. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, apá kan á jó, apá kejì á bàjẹ́.

Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan ni wọ́n yá wa lò. Nígbà tí ọjọ́ pé, èmi àti ọ̀jọ̀gbọ́n bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, a jókòó láàárín àga oníke tó ṣófo. Ọkùnrin tó ń darí ètò láti ìlú ńlá wò wá títí lórí kọ̀ǹpútà.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn ènìyàn yín dà?”

“Wọ́n wà nídìí iná. Ọjọ́ tí ẹ mú fún wa nìyẹn.”

“Ṣé wọn ò lè pa iná náà fún wákàtí kan ni?”

Mo wo ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n ń wo ràkúnmí inú bánà. Mo gbé kọ̀ǹpútà náà bó ṣe wà, a wọ bàtà wa, a forí lé ahéré.

Àbúrò ìyá mi pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà, ó fi èdè ilé wa pè mí ní ọmọ rẹ̀. “Ọma mi, ìwọ lo mú un wá?”

“Èmi ni, Màmá.”

“Ṣé ó mọ òfin ibí?”

Òfin ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá wọlé kò gbọdọ̀ káwọ́ gbera. Yóò yí pupuru. Pásítọ̀ tó bá wá gbàdúrà fún wọn gan-an, bó bá ti ṣe àmín tán, yóò yí i. Ọ̀jọ̀gbọ́n bọ́ kóòtù rẹ̀, ó ká apá ẹ̀wù sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí i. Nígbà tó fa ìwé tó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí jáde, omi ti bo ojú rẹ̀, kò rí nǹkan kan kà.

“Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ rọra o,” obìnrin kan sọ, “ẹ má sunkún sórí pupuru wa.”

“Ẹ jẹ́ kó sun ún díẹ̀,” ẹnìkejì dá a lóhùn. “Àwa ti ń sun tiwa tipẹ́.”

Ẹ̀rín sọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà rẹ́rìn-ín, ó ti ìwé bọ àpò, ó sì fi Yorùbá tó mọ́ gaara sọ ohun tó rí fún wọn. Ó ní ojú wọn tó ń pọ́n kì í ṣe ti ọjọ́ orí, èéfín ló fà á. Ó ní ẹnu ọ̀nà nìkan ni èéfín rí gbà jáde. Bí wọ́n bá ṣí òrùlé lókè, tí wọ́n fi páànù bò ó díẹ̀ kí òjò má wọlé, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ á gba ibẹ̀ lọ.

“Láti ìgbà wo lẹ ti mọ èyí?” àbúrò ìyá mi bi í.

“Láti ọdún tí mo kúrò níbí, Màmá.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. “A sì wà nínú rẹ̀ níbí,” ni àbúrò ìyá mi sọ.

Mo rò pé ọ̀jọ̀gbọ́n yóò di ẹ̀bi náà ru ìwé ìròyìn tàbí yunifásítì. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. “Ó yẹ kí n padà wá, Màmá. Mi ò wá. Ẹ má bínú.”

Àbúrò ìyá mi yí pupuru tó wà níwájú rẹ̀, ó tún yí òmíràn. Ó wá ní, “Ẹni tó bá tún fẹ́ bi wá ní nǹkan lè máa bọ̀. Ṣùgbọ́n àwa ni yóò kọ́kọ́ sọ ohun tó rí fún, kó tó sọ fún ẹlòmíràn.” Ó kọjú sí kọ̀ǹpútà. “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú èyí, ṣé ẹ gbọ́?”

Ohùn kan dáhùn láti ìlú ńlá: “A gbọ́ o, Màmá. Èéfín nìkan là ń rí, ṣùgbọ́n a gbọ́.”

Nínú ìròyìn tí wọ́n kọ lẹ́yìn àpérò, ohun tí wọ́n sọ nípa tiwa kò ju pé àwòrán wa kò mọ́. Mo kọ̀wé láti tako ìyẹn, wọn ò dá mi lóhùn títí di òní, inú sì ń bí mi. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó tún yan pupuru, káfíńtà ti ṣí òrùlé. Ojú ṣì ń ta wọ́n díẹ̀, àmọ́ wọ́n ń rí ara wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ àjà dé òpin rẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, mo rò pé bí wọ́n bá ti ṣí ìwé ìròyìn sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ ti parí. Àpérò yẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ẹnìkan ṣì gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sọ ọ́. Láìpẹ́ yìí, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan parí ìwádìí tirẹ̀ ní Àyèká. Kó tó gbé e lọ fún àwọn olùkọ́ rẹ̀, ó wá, ó yí pupuru, ó sì sọ gbogbo ohun tó rí. Àbúrò ìyá mi bi í ní ìbéèrè títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn.

“Ó dáa,” ó sọ fún un. “O lè wá lọ sọ fún àwọn yòókù.”