Nọ́mbà Tí Fidencia Kọ Ránṣẹ́

Ọdún méjìlélógún gbáko ni Fidencia fi dáhùn tẹlifóònù fún gbogbo ìlú Santa Brígida, lórí òkè Oaxaca ní Mẹ́síkò. Ẹyọ kan ṣoṣo ló wà. Tí ìpè bá wọlé láti Amẹ́ríkà, á fa gbohùngbohùn mọ́ra, á figbe ta: "Ìyá Celso o! Celso ń pè yín! Ẹ fi tòtíyà tẹ́ ẹ̀ ń yan yẹn sílẹ̀, kó jóná!" Ìyá Celso á sì sáré dé.

Ìgbà tó yá, ìjọba ta ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù fún àwọn olówó. Wọ́n ní ayé ti dẹ̀. Ó dẹ̀ fún ta ni? Wọ́n lé Fidencia níṣẹ́, wọ́n gbé tẹlifóònù ẹ̀ lọ, wọ́n kan tẹlifóònù oníkáàdì mọ́ ògiri gbọ̀ngàn ìlú, wọ́n bá tiwọn lọ. Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́.

Nereida, ọmọ kan ṣoṣo tí Fidencia bí, ń já èso àjàrà ní California. Ó lóyún oṣù méje, ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a jà, ọkọ sì ti sá lọ. Àdéhùn wọn ni pé bí nǹkan kan bá ṣe é, ọsibítù á pe Fidencia kó wá gba ọmọ. Ibi tó ń gbé kò ní tẹlifóònù tí ìyá ẹ̀ lè pè. Fidencia bá wo nọ́mbà tí wọ́n tẹ̀ sára ẹ̀rọ tuntun náà, ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà: "Ibí ni kó o máa pè. Mi ò ní kúrò níbẹ̀."

Kò sì kúrò. Ó gbé àga tì í lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́ta. Ẹni tó ti fi ọjọ́ ayé ẹ̀ dáhùn tẹlifóònù, báwo ló ṣe máa rò pé èyí yadi?

Ọkùnrin kan wá tún ẹ̀rọ náà ṣe. "Ìyá, kí lẹ ń ṣọ́?"

"Ìpè ọmọ mi."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Èyí? Kì í gba ìpè o! Ẹni tó ń pè ló ń ra káàdì. Ẹni tí wọ́n ń pè, kí ló ń rà lọ́wọ́ wa?"

"Nọ́mbà ara ẹ̀ ńkọ́?"

"Ti àwa atúnṣe nìyẹn."

"Ọlọ́run á dá yín lẹ́jọ́, ẹ̀yin ìkà!"

Lọ́sẹ̀ yẹn ni Celso wálé láti Amẹ́ríkà fún ọdún ìlú. Kò lè wojú Fidencia. "Màmá, Nereida kú lórí ìkúnlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá ni ọsibítù fi pe nọ́mbà yẹn, ẹnì kankan ò gbé e. Ìjọba ibẹ̀ bá fa ọmọ lé àjèjì lọ́wọ́."

"Mo wà níbẹ̀, Celso! Mo jókòó tì í!"

"Mo mọ̀, Màmá."

"Ọkùnrin ni àbí obìnrin?"

"Obìnrin."

"Kí ni wọ́n sọ ọ́?"

Celso ò mọ̀.