Èèkàn Olórí Pupa Inú Àkùrọ̀ Ìyá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí irùngbọ̀n ò tíì mọ ọ̀nà ojú mi, kò sí ohun tí mo bẹ̀rù tó ààlè. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀ ọ́n. Bí ẹnìkan bá so àkísà pupa mọ́ igi, tó rì í mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun ìní rẹ̀, ó parí nìyẹn. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, ohun tí ojú rẹ̀ bá rí, kó fara mọ́ ọn. Mùsùlùmí ni wá nílé wa, ṣùgbọ́n bí a bá rí ààlè lójú ọ̀nà, gbogbo wa la máa ń yà bàrá, títí kan bàbá mi tó ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí.

Abúlé wa kò jìnnà sí Ṣakí. Bí ọyẹ́ bá ti gbẹ gbogbo koríko, àkùrọ̀ etí odò nìkan ló ń tutù. Ibẹ̀ ni ìyá mi ń gbin tẹ̀tẹ̀, ilá àti ata sí, tó ń fi akèrègbè bu omi rin wọ́n láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Inú àkùrọ̀ yẹn la ti ń rí ọbẹ̀ sè títí òjò á fi padà.

Lọ́dún kan, tí òjò ń rọ̀ gan-an, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kó ọkọ̀ wá. Wọ́n gbé ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan kalẹ̀, wọ́n ń di ojú kan wo inú rẹ̀. Ọ̀gá wọn, tí a ń pè ní Injiníà, kó gbogbo wa jọ sábẹ́ igi ẹ̀mí tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí. Ó ní àwọn yóò sé odò náà, omi yóò dúró bí adágún, àwọn yóò sì la kòtò láti ibẹ̀ dé oko kálukú, ká lè máa gbin nǹkan láìwo ojú òjò. Inú bàbá mi dùn débi pé ó pa òbúkọ fún wọn.

Ìyá mi nìkan ló béèrè ọ̀rọ̀.

“Ọ̀gá, omi òjò lẹ ń rí yìí o. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, kò ní ju okùn ìgbànú lọ. Ṣé ẹ ò ní padà wá wò ó nígbà yẹn kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n?”

Injiníà rẹ́rìn-ín. “Màmá, ìwé la fi ń wọn omi, a kì í fi ojú wọ̀n ọ́n.”

Wọ́n wá ri èèkàn mọ́ àkùrọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n so aṣọ pupa mọ́ orí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní, “Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má sì dáko níbẹ̀. Kí ọyẹ́ tó dé, a ó ti padà wá.”

Igi, aṣọ pupa, ìkìlọ̀. Ẹ sọ fún mi, kí ló kù kó fi di ààlè? Ààlè tó tún ní ọlọ́pàá lẹ́yìn!

Ọyẹ́ dé, wọn ò dé. Ìyá mi ń wo àkùrọ̀ rẹ̀ lókèèrè bí obìnrin tí wọ́n lé nílé ọkọ. Lọ́jọ́ kan, ewúrẹ́ wa fara gbún èèkàn kan, ó wó. Èmi tí mo ń da ewúrẹ́ náà, eré ni mo sá délé, mo dùbúlẹ̀, mo ní inú mi ti ń wú. Ife àgbo mẹ́ta ni wọ́n rọ fún mi. Máńgòrò àìpọ́n mẹ́jọ tí mo jẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà, n kò mẹ́nu bà á. Ewúrẹ́ ní tirẹ̀ bí ìbejì lóṣù kejì.

Ẹ̀ẹ̀rùn kejì tún dé. Iyọ̀ àti epo la fi ń jẹ iṣu, àbúrò mi rù kan eegun. Ni ìyá mi bá dìde.

“Ìjọba ló ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀. Ebi ò ránṣẹ́ ní tirẹ̀, ó kàn wọlé ni.”

“Ìyá àwọn ọmọ, fara balẹ̀, ààlè ìjọba ni o!”

“Baálé mi, bó bá pa mí, ẹ ní kí ìjọba wá sin mí.”

Ọ̀sán gangan ló lọ. Ó fa èèkàn inú àkùrọ̀ rẹ̀ tu, ó gbé e wálé, ó kì í bọ inú àdògán lábẹ́ ìkòkò. Gbogbo abúlé dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń retí kó ṣubú. Ẹ̀yìn àká lèmi fara pamọ́ sí. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, tó ń jẹun lọ ràì, ojú tì mí. Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, èèkàn kan ò ṣẹ́kù létí odò, àkùrọ̀ sì tún tutù yọ̀yọ̀.

Àfi bí òjò ṣe bẹ̀rẹ̀ tí àwọn Injiníà dé. Kì í ṣe láti sé odò o. Èèkàn ni wọ́n ń wá!

“Ẹ ti ba ètò jẹ́! Ará abúlé yìí ò fẹ́ ìlọsíwájú.” Ojú wa ni Injiníà ti kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹni tó pa wá tì fún ẹ̀ẹ̀rùn méjì, ìṣẹ́jú kan ló fi dá wa lẹ́jọ́! Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọmọ tó lè bí lọ́mọ. Ìyẹn gan-an ló ń ká mi lára títí dòní. Ìyá mi ò kúnlẹ̀ ní tirẹ̀.

“Ọ̀gá, igi yín jó dáadáa. Ọbẹ̀ tó sè la jẹ tí ẹ fi bá wa láàyè.”

Wọ́n wọ ọkọ̀ wọn, wọ́n lọ, a ò sì rí wọn mọ́.

Wọ́n ní ayé ti yí padà. Lóòótọ́ ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ kan gbé ẹ̀rọ tó ń bá ojú ọ̀run sọ̀rọ̀ wá sétí odò wa, nínú òjò. Wọ́n tún ri èèkàn, àfi pé aṣọ pupa ti di ọ̀rá pupa. Mo bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n ń padà bọ̀, wọ́n ní kí ọyẹ́ tó dé. N kò ní purọ́ fún yín, mo ṣì yà bàrá fún èyí tí wọ́n rì sínú àkùrọ̀ ìyá mi. Ṣùgbọ́n mo ti wò ó dáadáa. Igi gidi ni. Á ti gbẹ kí ọyẹ́ tó dé.