Ṣòkòtò Tó Bá Fáwùmí Mu

Láti ìgbà tí àbúrò mi Fáwùmí ti gbọ́njú, nǹkan kan ṣoṣo ló ń fẹ́ láyé: kí ó wọ aṣọ sójà. Àwọn ọmọ yòókù ní agboolé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ń sọ pé àwọn máa di dókítà, àwọn máa di lọ́yà. Tirẹ̀ ni pé òun máa wọ kámò, aṣọ sójà aláwọ̀ ewé àti ilẹ̀ yẹn. Bẹ́ẹ̀, àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti mú un ní kékeré. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kúrú ju ọ̀tún lọ, ó sì tín-ín-rín. Bó bá ń rìn, ẹ ó rò pé ó ń tẹrí ba kí gbogbo ẹni tó bá pàdé ni.

Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ forúkọ sílẹ̀ láti di sójà, ó bá wọn lọ. Mo ní kó má lọ, kò gbọ́. Sójà tó wà lẹ́nu géètì wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀, ó ní, "Ìwọ, padà sílé. Bí ogun bá lé wa, ta ni yóò pọ̀n ọ́?" Fáwùmí padà wálé, kò jẹun. Mo ń bínú sí sójà yẹn títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òótọ́ ló sọ.

Ló bá lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, lọ́dọ̀ Bàbá Joseph, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi kan tó ń rán aṣọ akọrin àti yúnífọ́ọ̀mù iléèwé. Nígbà tó ṣe fìrídọ̀ọ̀mù tán, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù ní àdúgbò wa. Ṣòkòtò ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Kò sí tíṣà tàbí ọlọ́kadà tó wọ ṣòkòtò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tí kò padà wá. Ṣùgbọ́n kò rán ti ara rẹ̀ rí. Òkìríkà ló ń rà, yóò sì ká ẹsẹ̀ òsì ṣòkòtò náà sókè. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "bí mo bá gé e bí ẹsẹ̀ mi ṣe rí, a jẹ́ pé mo ti gbà fún un nìyẹn."

Ó ti lé ní ogójì ọdún nígbà tí ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Olúwaṣògo wá bá a tòun ti bàtà tó ń dán. Ó ní orílẹ̀-èdè tuntun ń bọ̀, tiwa-n-tiwa. Olórí rẹ̀ wà lókè òkun, orí fóònù ló ti ń bá wọn sọ̀rọ̀, òmìnira rẹ̀ kò ju kí wọ́n dá ọjọ́ sí i lọ, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ní aṣọ. Ó ní òun ti ra aṣọ náà ní Sábó, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kì í ṣe irú èyí tí sójà Nàìjíríà ń wọ̀ o. Wọ́n fi àwọ̀ aró sáàárín ewé rẹ̀, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé ọmọ ogun orílẹ̀-èdè mìíràn ni wọ́n. Orílẹ̀-èdè tí kò tíì gbẹ́ kànga kan, ó ti ní kámò tirẹ̀!

Mo lọ bá àbúrò mi ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ní, "Fáwùmí, orílẹ̀-èdè wo ni? Èyí tó wà nínú fóònù yẹn?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹnu ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń dá gbogbo orílẹ̀-èdè sílẹ̀."

"Wọ́n á mú ẹ."

"Wọn ò bèèrè ẹsẹ̀ mi," ó dáhùn. "Ẹ gbọ́ mi? Olúwaṣògo ò tiẹ̀ wò ó. Ó ní èmi ni ọ̀gá aránṣọ fún gbogbo ọmọ ogun."

Ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó ń rán aṣọ. Nígbà tó rán tàwọn ọmọ ogun náà tán, ó fa tépù, ó wọn ara rẹ̀, ó sì gé ẹsẹ̀ òsì ṣòkòtò náà kúrú bó ṣe yẹ. Ó wọ̀ ọ́ fún mi ní yàrá ẹ̀yìn. Etí ṣòkòtò méjèèjì balẹ̀ sí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ rẹ́gí. Ó yẹ ẹ́, n kò lè purọ́. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo bú u.

Wọ́n kéde òmìnira náà láàárọ̀ ọjọ́ kan lórí fóònù. Kí oòrùn tó wọ̀, òmìnira ti kú. Àwọn ọmọkùnrin tó wọ kámò lọ dí ọ̀nà gbọ́ ìró ìbọn àkọ́kọ́, wọ́n bọ́ aṣọ sọ sígbó, wọ́n sá. Olórí tó wà lókè òkun ní òun kò mọ̀ wọ́n rí. Olúwaṣògo pa fóònù rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí ọlọ́pàá rí mú ló júwe ṣọ́ọ̀bù Fáwùmí fún wọn. Wọ́n gbé e pẹ̀lú àpò aṣọ tó kù.

Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, lọ́yà kan tí mo kọ́ ní pámárì sì bá mi lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ó bá Fáwùmí sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: "Bọ̀dá, káfíńtà tó kan pósí kọ́ ló pa òkú. Ẹ ṣáà sọ pé oníbàárà ló gbé iṣẹ́ wá. Ẹ má sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ." Èmi náà bẹ̀ ẹ́. Ó mi orí pé òun ti gbọ́.

Ọ̀gá ọlọ́pàá tú àpò náà sórí tábìlì, ó ń yẹ aṣọ wò. Inú rẹ̀ ti rọ̀, ó ti ń sọ fún mi pé kí n lọ ya fọ́tò wá fún béèlì rẹ̀. Ìgbà náà ló fa ṣòkòtò tó kẹ́yìn yọ, ó nà án sókè.

"Háà! Irú télọ̀ radaràda wo nìyí? Kò mọ tépù lò ni?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Orí bẹ́ǹṣì ni Fáwùmí wà, kò sí ẹni tó fọkàn sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Lọ́yà wa rí àyè, ó ní, "Sà, ẹ rí i fúnra yín. Ẹni tí kò lè gé ṣòkòtò kó dọ́gba, ṣé òun ló máa da ìlú rú?" Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo fi gbogbo agbára rẹ́rìn-ín, nítorí mo ti ń rí ọ̀nà ilé.

Fáwùmí dìde. "Sà, n kò ṣì í gé. Tèmi ni."

Lọ́yà sáré dá ọ̀rọ̀ náà padà, ṣùgbọ́n aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́. Fáwùmí ti gba ṣòkòtò náà, ó ti fà á wọ̀ sórí òkìríkà ara rẹ̀, ó sì dúró ṣánṣán níwájú tábìlì. Ẹ̀rín dá. Ọ̀gá ọlọ́pàá mú bírò, ó bèèrè orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Ó sọ ọ́, ó sì fi ipò tí wọ́n fún un kún un.

Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n gbé e lọ, títí dòní, wọn kò tíì dá ẹjọ́ rẹ̀. Bí adájọ́ bá wá, ọlọ́pàá kì í wá. Bí ọlọ́pàá bá wá, wọ́n á ní fáìlì wà ní Ìbàdàn. N kò dárí ji Fáwùmí. Irọ́ kékeré kan ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó pa, kò lè pa á.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé oúnjẹ lọ fún un lẹ́wọ̀n. Lójú ọ̀nà, mo rí àwòrán Olúwaṣògo lára ògiri, ó ń du ipò káńsílọ̀ nínú Nàìjíríà kan náà tó ní a fẹ́ kúrò nínú rẹ̀. Fáwùmí ti rù gan-an. Ó bèèrè àwọn ará ilé, ó bèèrè àwọn oníbàárà rẹ̀, mo ń dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà ó fi orí ti irin, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, orílẹ̀-èdè wa ńkọ́?"

Mo ní dáadáa ló wà, gbogbo wọn ń kí i.