Mo fi orúkọ Àǹtí Kúdí lásán pe dùùrù

Ẹ bá mi dá sí i: dùùrù kan nínú kọ̀ǹpútà mi fẹ́rẹ̀ẹ́ lé oníbàárà mi lọ lónìí.

Àǹtí Kúdí ló wá gba orin wákà wọn sílẹ̀ ní sítúdíò tí mo ṣí ní Ṣàngótẹ̀dó nígbà tí mo dé láti London. Wọ́n ní ohùn dùùrù tá a lò nínú orin ìjẹta làwọn tún ń fẹ́.

Kò le rárá. Mo ti tọ́jú ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà bí mo ṣe tò ó gan-an, kí n kàn tẹ orúkọ ẹ̀ ló kù.

Mo ṣí i. Wọ́n rí "Kúdí" gàdàgbà.

"Ta lò ń pè ní Kúdí?"

"Ẹ̀yin ni mà, kí n lè rántí pé tiyín ni."

"Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni mí? Bí wọ́n ṣe ń pe àgbà ní London nìyẹn?"

Wọ́n ti gbé báàgì kí n tó sáré kọ "Àǹtí" síwájú ẹ̀.

Wọ́n padà jókòó, wọ́n nawọ́ sí ohùn fèrè tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀.

"Ta ni Múfú?"

"Ẹni tó bá mi fun fèrè ni mà."

"Ó ti bímọ?"

"Ìbejì, mà."

"Bàbá Ìbejì. Tún un kọ."

A gba orin náà tán, ó dùn gan-an. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ lọ́la wá yẹ ìyókù wò.

Ó ku ohùn agogo tí mo sọ ní Bísí. Ìyá ọ̀rẹ́bìnrin mi ni Bísí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni kí n yí i sí?