Táyà Ńlá Mouftaou

Ara Mouftaou kì í balẹ̀. Bí mo bá gbé àga fún un, orí ìdúró ni yóò wà, á máa wo ọ̀nà. Ogún ọdún rèé tí mo ti ń tún alùpùpù ṣe ní Tchaourou, mi ò tíì rí ẹni tó ń yọ mí lẹ́nu bíi tirẹ̀.

Ariwo ẹ́ńjìnnì ló ń bà á lẹ́rù. Alùpùpù àkọ́kọ́ tó fi ń kó ẹrù ké títí ó fi kú lọ́nà Sanson. Látìgbà náà, ó gbà pé ẹ́ńjìnnì tó bá dákẹ́ ń sinmi ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ló gbé táyà ńlá kan wá. "Tonton Chakirou, ẹ bá mi fi sẹ́yìn. Irin eléyín tí ṣéènì ń yí lẹ́yìn náà, ẹ fi kékeré rọ́pò rẹ̀."

Mo ní, "Á dákẹ́ lóòótọ́, torí táyà ńlá ń jẹ ọ̀nà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan tó bá yí. Àmọ́ agbára tó fi ń gun òkè á dín kù. Iṣu lò ń gbé, o ò gbé òwú. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́."

Kò gbọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló padà wá kí ọ̀sán tó pọ́n. Inú bí mi, mo bá fi táyà àti irin kékeré náà sí i fún un.

Lórí títì, ẹ́ńjìnnì ń lọ wọ́ọ́rọ́, Mouftaou ń rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kẹta, ó lọ kó iṣu tuntun ìyá rẹ̀, Màmá Sakinatou, lóko Alafiarou. Iṣu tuntun kì í pẹ́ bà jẹ́, kàmíọ̀n, ọkọ̀ ńlá tó ń kó iṣu lọ Kútọnù, sì máa ṣí ní ọ̀sán gangan. Ìrìn mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ rìn.

Ní ìrìn àkọ́kọ́, níbi òkè tó wà lẹ́yìn odò, ẹ́ńjìnnì kú. Ó tún ṣáná sí i ní gíà àkọ́kọ́, ó tún kú. Ó já ìdajì ẹrù sílẹ̀, ó ti alùpùpù gòkè, ó padà lọ fi orí ru èyí tó kù. Nígbà tó máa fi dé Tchaourou, kàmíọ̀n ti lọ.

Ó wá sọ́dọ̀ mi, ó jókòó sórí àga. Ó ní, "Tonton, ẹ dá a padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Kó máa pariwo."

Èébú ti wà lẹ́nu mi, mo gbé e mì. Mo mọ òkè yẹn dáadáa, ọwọ́ mi ló sì fi táyà náà sí i, torí kí n lè sinmi lẹ́nu rẹ̀. Mo mú sípánà. Màmá Sakinatou ṣì wà lóko nídìí iṣu rẹ̀, ó ń retí ìrìn kejì.