Òdòdó Keje

Tí ẹ bá wọ ilé wa tí bọ́tìnì kan já lára aṣọ yín, ẹ yáa ṣọ́ra, torí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin á ti rí i kí ẹ tó kí i tán. Ọgbọ̀n ọdún ló fi yẹ aṣọ wò níléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe kọ́tìnì ojú fèrèsé. Orí tábìlì gígùn kan ni aṣọ máa ń gbà kọjá níwájú rẹ̀. Ibi tó bá ti rí àbùkù, á so òwú pupa mọ́ etí aṣọ níbẹ̀, kí àwọn agéṣọ lè mọ ibi tí wọ́n máa gé sọnù. Ojú Àwòdì ni wọ́n ń pè é. Ó ti di bárakú fún un débi pé ó so òwú pupa mọ́ kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ mi lọ́jọ́ kan, ọkọ mi ò mọ̀, ó sì wọ̀ ọ́ jáde bẹ́ẹ̀.

Iléeṣẹ́ náà kógbá sílé lọ́dún tó kọjá. Kọ́tìnì òkèèrè ló gbòde. Iye tí wọ́n ń tà á ò tó iye tí àwọn tiwa fi ń ra òwú lásán. Ìjọba wá kéde pé òṣìṣẹ́ tí ọjà òkèèrè bá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn máa rán an lọ kọ́ṣẹ́ mìíràn, àwọn á sì máa bọ́ ọ fún ọdún kan tó bá fi ń kọ́ ọ. Fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo ni gbogbo òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ kan máa kọ pa pọ̀. Àwọn mẹ́rìndínláàádọ́ta fikùn lukùn, wọ́n ní ẹ̀gbọ́n mi ni kó kọ ọ́, torí pé kì í parọ́.

Àìparọ́ yẹn ló kó bá wọn. Níbi tí fọ́ọ̀mù ti béèrè ohun tó fà á tí ọjà wọn ò fi tà mọ́, ẹ̀gbọ́n mi ṣe ohun tó ti ń ṣe láti ọgbọ̀n ọdún: ó ka àbùkù. Ó kọ ọ́ pé àwọ̀ máa ń ṣí, pé etí aṣọ máa ń tú, pé ẹ̀rọ kẹta máa ń já òwú tójò bá ti rọ̀. Odindi ojú ìwé kan àtààbọ̀! Gbólóhùn kan péré ló fi sọ ti ọjà òkèèrè. Ó ti fi ránṣẹ́ kí n tó kà á, inú bí mi débi pé omi bọ́ lójú mi. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Èsì ìjọba ò pẹ́ dé. Wọ́n ní lójú tàwọn, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ náà ló pa iléeṣẹ́ wọn, kì í ṣe ọjà òkèèrè. Bí wọ́n bá ní ẹ̀rí mìíràn, kí wọ́n mú un wá láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá.

"Àǹtí mi, ta ló ní kẹ́ ẹ tú gbogbo àṣírí yẹn?"

"Wọ́n bi mí, mo sì dáhùn." Ó yíjú sí mi. "Kọ́tìnì òkèèrè yẹn gan-an, ṣé o ti yẹ̀ ẹ́ wò rí?"

Èmi ò yẹ̀ ẹ́ wò rí. Òun náà ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò, ìbínú ò jẹ́ kó fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ara ẹ̀ ò gbà á mọ́, ó fẹ́ mọ ohun tó wà nínú aṣọ náà. A lọ ra ẹyọ kan. Ó fọwọ́, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á díẹ̀díẹ̀ kọjá lójú fèrèsé pálọ̀.

"Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe o," ló wí. "Wo etí rẹ̀, ó gún régé. Irú òwú wo lèyí ná?"

"Àǹtí mi, ẹ̀rí la wá, a ò wá oríkì."

Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Òdòdó funfun ló wà lára kọ́tìnì náà, ewé márùn-ún sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìlà, òdòdó keje, ewé mẹ́rin ló ní.

"Tiwa nìyí," ló wí jẹ́jẹ́. Ó ní lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ibì kan bó lára irin rọ́bọ́tọ́ tó ń tẹ òdòdó sára aṣọ wọn, láti ìgbà náà ni ewé kan ò ti sí lára òdòdó keje. Àwọn ará òkèèrè ti mú kọ́tìnì wọn, wọ́n wò ó ṣe, wọ́n sì wo àbùkù rẹ̀ mọ́ ọn.

Èmi ti dìde, mo fẹ́ jó, torí ẹ̀rí ti dé: aṣọ tiwa gan-an, tòun ti àbùkù rẹ̀, ni wọ́n ń tà lówó pọ́ọ́kú. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ń rò yàtọ̀. "Ta ló yẹ eléyìí wò lọ́hùn-ún? Ó ní láti rí i. Àbí ó rò pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí ni?"

Lọ́jọ́ kejì, a kó kọ́tìnì méjèèjì, tiwọn àti ògbólógbòó tiwa kan tó wà ní yàrá mi, lọ sí ọ́fíìsì ìjọba. Akọ̀wé tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ náà fi rúlà wọn òdòdó títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn.

"Wọ́n bára mu, mà. Ṣùgbọ́n báwo ni màá ṣe mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ wo tiwọn ṣe? Ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò nígbà náà gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àbùkù yìí ti wà lára tiyín ṣáájú, kó sì sọ ìdí tó fi jẹ́ kó kọjá. Ẹ̀dà rẹ̀ máa dé ọ̀dọ̀ gbogbo àwọn tó wà nínú fọ́ọ̀mù."

Mo fẹnu mọ́ etí ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní, "Ẹ sọ fún wọn pé ọ̀gá yín ló pàṣẹ ẹ̀."

"Ọ̀gá ò mọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀." Kò wojú mi. "Oṣù méjì ló ti ń jáde kí n tó rí i. Èmi! Nígbà tí mo wá rí i, ojú tì mí, mo bá dákẹ́."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ ronú sí i ná."

"Kí la fẹ́ rò? Kí wọ́n pè mí ní ohun tó bá wù wọ́n, kí wọ́n ṣáà ti ríṣẹ́ kọ́."

Ó kọ ọ́, ó sì fọwọ́ sí i. Akọ̀wé kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó lu òǹtẹ̀, ó ní, "Ó ti tó, mà. Gbogbo yín ti wọlé."

Nígbà tá a dé etí títì, ẹ̀gbọ́n mi, Ojú Àwòdì tí kì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni mú òun sọdá, di ọwọ́ mi mú, mo sì mú un sọdá.