Àwọn Tó Gbé Mi Gorí Omi

Ẹja ni mo ń tò sórí ààrò nígbà tí ìró mi fara kan ọmú òsì mi, tí ìrora sì ta dé abíyá. Kò tíì pẹ́ tí mo bí Àyọ̀ká, àkọ́bí mi. Mo rò pé wàrà ló dì, mo ń bá iṣẹ́ lọ. Kí oòrùn tó wọ̀, mo ti ń gbọ̀n fún òtútù, ara mi sì gbóná bí iná.

Kì í ṣe ọwọ́ ayé. Orí ọmú tí ọmọ ń fà lè là, kí kòkòrò àìsàn gba ibẹ̀ wọlé. Wàrà tí kò rí ọ̀nà jáde á dì, ibẹ̀ á pọ́n, á le. Tí a kò bá tètè tọ́jú rẹ̀, ọyún á kún inú ọmú, á di eéwo abẹ́nú. Ohun tó ṣe mí nìyẹn.

Nígbà tí n kò lè gbé apá mọ́, ọmọ ń sunkún ebi. Múnírá, aya oníyọ̀ tí ilé wọn kángun sí tiwa ní abúlé wa, Molutehin, wọlé, ó gbé e, ó sì fi í sọ́mú.

Ìyá ọkọ mi ní, “Ìwọ náà ń tọ́mọ lọ́wọ́, Múnírá.”

Ó ní, “Ọmú méjì ni Ọlọ́run fún mi, Màmá. Ọmọ kan ló ń mu ún.”

Ọkọ mi fi ọkọ̀ ojú omi gbé mi lọ sí ilé oògùn ìjọba Òyìnbó kan. Apoògùn ibẹ̀, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, kò tilẹ̀ wo ọmú náà. Ó ní, “Ẹ̀yin ará etí omi, ìdọ̀tí yín ló ń pa yín. Lọ fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́.” Ó sì pe ẹlòmíràn. Mo ti darúgbó báyìí, àwọn Òyìnbó ti kó ẹrù wọn lọ, ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń bí mi nínú.

Nígbà tí a padà délé, n kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́. Ìgbà tí ẹja pọ̀ dáadáa ni, síbẹ̀ àwọn apẹja fi àwọ̀n wọn sílẹ̀. Wọ́n tẹ́ mi sínú ọkọ̀, Múnírá jókòó tì mí pẹ̀lú ọmọ méjèèjì, wọ́n sì kọrí sí ọsibítù kan lókè, níbi tí ilẹ̀ gbígbẹ wà. Wọ́n ń ké síwájú lójú omi, débi pé ní abúlé kọ̀ọ̀kan tí a dé, àwọn tí kò mọ̀ mí rí ti dúró pẹ̀lú àjẹ̀ lọ́wọ́ láti gba ọkọ̀ wíwà lọ́wọ́ àwọn tó ti rẹ̀.

Lójú ọ̀nà ni ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ìjọba bá wa pàdé. Ọkọ mi ju aṣọ sókè, ó ń bẹ̀ wọ́n. Òyìnbó tó jókòó lábẹ́ ìbòòji wò wá, ó wo ibòmíràn. Ìgbì wọn da omi lé mi lórí. Owó orí wa ni wọ́n fi ń ra epo sí i.

Ní ọsibítù, a jókòó pẹ́ lórí bẹ́ǹṣì. Nọ́ọ̀sì ní kí ẹbí aláìsàn nìkan dúró. Kò sẹ́ni tó dìde láti jáde.

Dókítà la ọmú náà, ọyún tú jáde. Ó ní bó bá pẹ́ sí i, ìbá ti wọnú ẹ̀jẹ̀. Òwú tí wọ́n ń kì bọ ojú ọgbẹ́ náà lójoojúmọ́ dùn mí ju ìrọbí lọ. Ṣùgbọ́n ibà náà lọ, mo sì jẹ pupuru, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wa, tí wọ́n gbé wá láti ilé.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà. N kò dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́mọ, bí ọmú bá pọ́n tó gbóná, ẹ má fi pa mọ́, ẹ má sì gba “lọ wẹ̀ ẹ́” lẹ́nu ẹni tí kò wò ó.

Ọmú òsì mi kò ṣe wàrà mọ́, àpá rẹ̀ jìn. N kò kórìíra rẹ̀. Bí wọ́n bá ké láti etí omi pé ara ẹnì kan kò yá, èmi náà ń gbé àjẹ̀. Apá òsì mi kì í gbé sókè dáadáa, ṣùgbọ́n ó ń wakọ̀.